Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Sùn: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Pásítọ̀, Wòlíì àti Ààfáà Ìlú Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa nínú ẹ̀sìn,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú àdúrà, ẹ kú àìsùn. Ọ̀rọ̀ àìsùn yẹn gan-an ni a fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ̀yin ni ará ìlú kọ́kọ́ máa ń sáré tọ̀ nígbà tí ọmọ wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í dá sọ̀rọ̀, tí ìyàwó ilé kò bá fẹ́ dìde lórí ẹní mọ́, tí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ bá ní wọ́n ń fi rédíò bú òun. Ilé ìwòsàn ló ń tẹ̀lé, nígbà mìíràn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù. Ó yé wa. Ilẹ̀kùn yín kì í tì, ẹ kì í béèrè káàdì, ẹ sì mọ agboolé tí oníkálukú ti jáde wá. Ní ìlú wa yìí, ìjọ àti ilé ìwòsàn kì í ṣe àjèjì sí ara wọn: àwọn Onítẹ̀bọmi tó ní ilé ẹ̀kọ́ oníwàásù tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1898 náà ló bẹ̀rẹ̀ ilé ìwòsàn ní 1907, èyí tó ti di ti Yunifásítì Bowen lónìí.

Ẹni tí lẹ́tà yìí dá lé lórí ni ẹni tí wọ́n ti mọ àìsàn rẹ̀, tó ń lo oògùn ọpọlọ, tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ, tó sì ń wá sí ìsìn lọ́dọ̀ yín. Ó lè jẹ́ olùkọ́, ó lè máa ta láfún lẹ́bàá Takie, ó lè wà nínú ẹgbẹ́ akọrin yín kí ẹ má mọ̀. Ara irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè le koko fún ọdún mẹ́wàá. Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń wó o lulẹ̀: kí oorun rẹ̀ já, kí oògùn rẹ̀ já, kí omi àti oúnjẹ rẹ̀ já. Ètò ọlọ́jọ́ méje kan lórí òkè àdúrà lè já mẹ́tẹ̀ẹ̀ta papọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí oorun. Ẹni tí kò ní àìsàn yìí, bó bá ṣọ́ òru mọ́jú, oorun ọ̀sán a dí i fún un. Ti ẹni tó ní bipolar yàtọ̀, ìyẹn àìsàn tó ń gbé inú ẹni ga kọjá ààlà fún ìgbà kan, tó sì tún ń rì í mọ́lẹ̀ nígbà mìíràn. Fún un, òru méjì tàbí mẹ́ta láìsùn lè tó láti tan iná náà. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì máa ń dùn ún wò, ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé. Á gbàdúrà ju gbogbo yín lọ. Á sùn wákàtí méjì, kò ní rẹ̀ ẹ́. Á ríran, ọ̀rọ̀ á máa já lu ara wọn lẹ́nu rẹ̀, ẹ ó sì ní ẹ̀mí bà lé e. Títí tó fi máa ta ọ̀kadà rẹ̀ láàárọ̀, tó máa fi owó rẹ̀ ra aṣọ fún gbogbo akọrin lọ́sàn-án, tó máa lu ẹni tó bá bi í léèrè lálẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìtara ni tàbí àìsàn, ẹ bi ìyá rẹ̀ tàbí ìyàwó rẹ̀ ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Wákàtí mélòó ló sùn lánàá àti níjẹta?" Ìdáhùn yẹn ṣe pàtàkì ju ohun tó ń sọ lórí pẹpẹ lọ.

Ohun tí a ń fẹ́ kò le. Kí ẹni tó ń lo oògùn ọpọlọ ti wà lórí ibùsùn ní aago mẹ́wàá alẹ́, kó sùn wákàtí méje sí mẹ́jọ, kó sì jí ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, títí kan ọjọ́ Sátidé. Bó bá fẹ́ bá yín ṣọ́nà, ẹ fún un ní ìṣọ́ òwúrọ̀, kó dé ní aago mẹ́fà. Kó má jẹ obì lẹ́yìn aago méjìlá ọ̀sán, kó má mu kọfí tàbí àwọn ohun mímu inú agolo tí àwọn awakọ̀ fi ń lé oorun. Kaféènì tó wà nínú wọn kì í tètè kúrò lára. Bí òru kan bá ti já mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kó lọ sinmi. Bó bá di òru kejì tí oorun kò kùn ún rárá, ẹ má dúró de ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí ẹbí mú un lọ rí dókítà rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. (Gbohùngbohùn tí ẹ kọjú rẹ̀ sí ojú fèrèsé àwọn ará àdúgbò títí di aago mẹ́rin òru, ìyẹn tó lẹ́tà mìíràn.)

Ó wá kan oògùn. Kò sí ohun tó ń dá àìsàn padà bíi kí wọ́n ní kí ènìyàn ju oògùn nù láti fi hàn pé ó gbàgbọ́. A mọ ìdí tí ó fi ń jọ ìyanu lójú yín. Púpọ̀ nínú àwọn oògùn yìí ń mú ara wúwo. Bí ẹnì kan bá dá a dúró lónìí, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ojú rẹ̀ á mọ́, ara rẹ̀ á fúyẹ́, á rẹ́rìn-ín, á jẹ́rìí. Ẹ̀yin náà á dúpẹ́. Ṣùgbọ́n agbára oògùn kì í tán lọ́jọ́ tí wọ́n jù ú nù. Pàápàá abẹ́rẹ́ olóṣù, fluphenazine fún àpẹẹrẹ, tí wọ́n ń gún ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin: ó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú iṣan, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó tán pátápátá. Nítorí náà àìsàn lè má padà títí di oṣù kejì tàbí ìkẹta. Nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó máa rántí oògùn tí wọ́n jù sí ààtàn. Aládùúgbò tí wọ́n jọ jà lórí ilẹ̀ ni wọn yóò máa wò.

Bí wàhálà orí, ìyẹn kí ènìyàn máa gbọ́ tàbí kó máa rí ohun tí kò sí, bá jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀, ó kéré tán ọdún kan lẹ́yìn tí ara ti yá pátápátá ni dókítà fi ń fẹ́ kí oògùn ṣì wà. Ti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ó kéré tán oṣù mẹ́fà. Bí ìgbà rẹ̀ bá tó, dókítà ni yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì tí wọ́n bá gé lójijì máa ń fa òòyì, àlá burúkú, àti ohun kan bí iná mànàmáná tó ń ta nínú orí. Ẹni tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìyà rẹ̀ ló ń ṣáájú èrè rẹ̀: inú á kọ́kọ́ máa rú, ẹnu á gbẹ, ìtura kò sì ní dé kí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin tó kọjá. Ọ̀pọ̀ ló ń jù ú sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹwàá, wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́.

Àwọn nǹkan kan wà tí oògùn ń ṣe tó jọ iṣẹ́ ẹ̀mí àìmọ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fetí sí èyí dáadáa. Haloperidol, chlorpromazine àti fluphenazine lè mú iṣan ara dì lójijì, pàápàá láàárín ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ó sì wọ́pọ̀ jù lára àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin. Ọrùn á lọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ojú á yí sókè kò ní fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á dì, ahọ́n á yọ síta. Ẹni tó rí i ní alẹ́ á pariwo ẹ̀mí èṣù. Kò sí ìgbálẹ̀ tó lè lé e. Ilé ìwòsàn ní abẹ́rẹ́ fún un, ó sì máa ń rọ̀ láàárín bí ìdajì wákàtí. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń gba benzhexol pẹ̀lú oògùn wọn, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Artane, kí ó má bàa ṣẹlẹ̀. Ẹ béèrè bóyá ó ní in nílé.

Ìkejì ni àìlèjókòó. Ẹsẹ̀ á máa hun ún, á dìde, á jókòó, á rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, á padà. Ẹ má sọ pé Sátánì ni kò jẹ́ kó gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ẹ jẹ́ kó dúró lẹ́yìn ìjọ, kó sì sọ fún dókítà rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn kí wọ́n bá a yí ìwọ̀n oògùn padà, torí ìnira yìí lágbára débi pé ó ń mú àwọn kan ronú ikú. Àwọn oògùn yìí tún ń mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀, kí òòyì sì kọ́ni, nígbà tí ènìyàn bá dìde lójijì. Ẹni tó forí kanlẹ̀ nínú ìrun, tàbí tó kúnlẹ̀ pẹ́, kó rọra jókòó fún ìṣẹ́jú kan kó tó nàró. Ẹni tó ń lo chlorpromazine, oòrùn ọ̀sán lè jó ara rẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Bí ìwọ́de ìyìn bá wà, fìlà àti aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn.

Ààwẹ̀ wá ńkọ́? Ìdáhùn wà lọ́wọ́ irú oògùn tó ń lò. Èyí tó ń dẹ́rù bà wá jù ni lithium, oògùn tí wọ́n ń fún ẹni tó ní bipolar. Kíndìnrín ló ń gbé lithium jáde kúrò lára, ó sì ń ṣe é bí omi àti iyọ̀ bá wà lára tó. Bí omi bá gbẹ lára, bí iyọ̀ bá dín kù lójijì, kíndìnrín á di lithium mú, á máa pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀, àlàfo tó sì wà láàárín ìwọ̀n tó ń wo ènìyàn àti èyí tó ń pa á kéré. Àmì rẹ̀ ni kí ọwọ́ máa gbọ̀n kìkì, kó máa rìn bí ọ̀mùtí, kí ahọ́n wúwo, èébì, ìgbẹ́ gbuuru. Tí ẹ bá rí méjì nínú ìwọ̀nyí, kó má lo ti ọjọ́ náà mọ́, kí ẹ sì gbé e dé ilé ìwòsàn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó ń lo lithium kò gbọdọ̀ gba ààwẹ̀ gbígbẹ. Bí orí bá ń fọ́ ọ, paracetamol ni kó lò. Ibuprofen àti diclofenac ń mú kí lithium pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀.

Àwọn ààfáà wa mọ̀ jù wá lọ pé Súrà Baqarah, ẹsẹ 184 àti 185, sọ ẹrù ààwẹ̀ kalẹ̀ fún aláìsàn. Ẹ ràn wọ́n lọ́wọ́ láti gba ìyọ̀ǹda náà láìtijú. Fún ẹni tí oògùn rẹ̀ kì í ṣe lithium, tí dókítà sì gbà kó gba ààwẹ̀, kó lọ rí i ní bí oṣù kan ṣáájú Ràmàdáánì, kí wọ́n lè pín oògùn rẹ̀ sí àsìkò ìṣínu àti sààrì. Kó má ṣe dá a pín fúnra rẹ̀. Oògùn tó ń mú oorun wá, tí wọ́n bá lò ó pẹ́ jù lálẹ́, kò ní jẹ́ kí wọ́n jí jẹ sààrì, ìyẹn sì ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í fò ó. Fún àwọn ọmọ ìjọ, ẹ lè fi ààwẹ̀ ẹran tàbí ti fóònù rọ́pò. Ti fóònù tilẹ̀ dára fún oorun.

Àgbo náà yẹ kí á mẹ́nu bà. Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sọ pé gbòǹgbò aṣòféyejẹ ń mú kí ẹni tó ń ru ú rọlẹ̀. Wọn kò purọ́. Reserpine wà nínú rẹ̀, àwọn dókítà òyìnbó pàápàá sì fún aláìsàn ọpọlọ ní reserpine ní àwọn ọdún 1950. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó ń já ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ gan-an, ó sì lè fa ìrẹ̀wẹ̀sì, kò sì sẹ́ni tó lè wọn iye tó wà nínú ife àgbo kan. Bí ó bá pàdé chlorpromazine nínú ara kan náà, ẹni náà lè dákú lórí ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ ńkọ́? Ọtí àti oògùn oorun kì í ṣe ọ̀rẹ́. Igbó sì ń dá àìsàn padà, ì báà jẹ́ pé wọ́n ní ó ń fọkàn balẹ̀.

A kò ní kí ẹ fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ fún wa. Ní Arò, Abẹ́òkúta, láti 1954, Dókítà Adéoyè Lambo fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, pẹ̀lú ìbátan tó ń se oúnjẹ fún wọn, ó sì ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ní 2020, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde láti Ìbàdàn àti Kumasi ní Gánà: àwọn aláìsàn tó wà lọ́dọ̀ wòlíì àti oníṣègùn tó gba òṣìṣẹ́ ìlera láyè láti máa wá fún wọn lóògùn, ara wọn yá ju ti àwọn tó wà níbi tí kò ti sí irú àjọṣe bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì lè wá gún abẹ́rẹ́ nínú yàrá àdúrà yín. A ti ṣe tán.

Ṣẹ́ẹ̀kẹ́ṣẹkẹ̀ nìkan ni a kò ní ṣe àdéhùn lé lórí. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní 2023, èyí tó rọ́pò ti 1958, fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ tí ìdè kò lè bá gbé. Yàtọ̀ sí òfin, ìdè ń fa egbò, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú ẹsẹ̀ tí kò rìn, ẹni tí ẹ so mọ́gi kò sì ní gbẹ́kẹ̀ lé yín mọ́ nígbà tí ojú rẹ̀ bá wálẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń ru, ẹ kọ́kọ́ lé èrò kúrò. Èrò ló ń dáná sí i. Ẹnì kan péré ni kó máa bá a sọ̀rọ̀, lóhùn jẹ́jẹ́, kó fi ìwọ̀n apá méjì jìnnà sí i, kó má sì dí ẹnu ọ̀nà. Ẹ kó ọ̀bẹ, ọmọ odó àti ìgò kúrò. Ẹ má bá a jiyàn lórí ohun tó ń gbọ́, ẹ má sì sọ pé ẹ̀yin náà ń gbọ́ ọ. Ẹ pe ìbátan tó fẹ́ràn, kí ẹ jọ gbé e lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì, LAUTECH tàbí ibi tó bá súnmọ́ jù.

Ọ̀ràn méjì wà tí kò gba ìdúró rárá. Abísínwín ni ọ̀kan. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí obìnrin bímọ, nígbà mìíràn láti ọjọ́ kẹta: kò sùn kódà nígbà tí ọmọ sùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ dàrú, ó ní ọmọ náà kì í ṣe tòun. Ọjọ́ náà gan-an ni kó dé ilé ìwòsàn. Ẹ má fi òun àti ọmọ sílẹ̀ láwọn nìkan, àní fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Èkejì ni ẹni tó ń ronú àtipa ara rẹ̀. Ẹ bi í léèrè gbangba pé, "Ṣé ó ń ṣe ọ́ bíi kí o pa ara rẹ?" Ìbéèrè yẹn kì í gbin èrò náà sí i lọ́kàn, ìtura ló máa ń fún un. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má bá a wí, ẹ má sì fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ kó òtapíápíá kúrò nílé, kí ẹbí gba oògùn lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n máa fún un ní ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí amitriptyline, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì kan, tó bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan lè dá ọkàn dúró.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ tí ẹ rò pé wọ́n ti gbàgbọ́ ni kò lówó oògùn mọ́. Kí wọ́n sọ fún dókítà. Haloperidol, amitriptyline àti carbamazepine wà lára àwọn oògùn àtijọ́ tí kò wọ́n tó àwọn tuntun, ó sì lè bá wọn pààrọ̀ bó bá yẹ. Kí wọ́n rà á ní ilé oògùn tó ní ìwé àṣẹ, kí wọ́n má rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń polówó nínú ọkọ̀. Bí ìjọ bá ní àpò ìrànlọ́wọ́, ẹ san owó ọkọ̀ kílíníìkì àti ti oògùn nínú rẹ̀. Ẹ má pe orúkọ ẹni náà níwájú ìjọ, ẹ má sì ká fídíò rẹ̀ sí Facebook nígbà tí ara rẹ̀ kò dá. Fídíò náà yóò ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó bá lọ wá iṣẹ́.

Ẹ ní kí òun fúnra rẹ̀, nígbà tí ara rẹ̀ dá, kọ ojú ìwé kan: orúkọ oògùn rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, aago tó ń lò ó, ọjọ́ tí wọ́n dá fún un ní kílíníìkì, nọ́ńbà ẹni méjì tó fẹ́ kí wọ́n pè, àti àmì àkọ́kọ́ tirẹ̀. Àmì yìí kì í dọ́gba. Ẹnì kan, kò ní wẹ̀ mọ́. Ẹlòmíràn, á máa wẹ̀ ní ìgbà mẹ́fà lójúmọ́. Ẹnì kan á pa fóònù, ẹlòmíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í pe gbogbo ènìyàn ní aago mẹ́ta òru. Òun ló mọ tirẹ̀. Bó bá gbà, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ yín, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹbí.

Ìṣọ́ òru mìíràn ń bọ̀ ní Ẹtì tó kàn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá sún mọ́ yín ní aago mẹ́sàn-án, tó ní òun fẹ́ máa lọ sílé lọ sùn, ẹ gbàdúrà kúkúrú fún un, ẹ ní kó ṣọ́ra ní títì, kí ẹ sì jẹ́ kó lọ.

Àwa ni tiyín,
Àwa nọ́ọ̀sì àti olùtọ́jú aláìsàn ọpọlọ ní Ògbómọ̀ṣọ́